Òwú Funfun Lára Wáyà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń ti àgbàlagbà, kó wo Bàbá Adébíyìí láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Òkè-Ògbó. Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan nínú àgbàlá Màmá Àníkẹ́, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń wa katakata. Kò ba ọ̀kankan jẹ́ rí, àfi èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí, pélódà yẹ́lò kan, tòkúnbọ̀, tí Màmá Àníkẹ́ rà ní Ìbàdàn láti máa fi kó yẹ̀pẹ̀ sínú típà.

Lóṣù tó kọjá, ẹ́ńjìnnì pélódà náà gbóná títí omi inú rẹ̀ fi hó dànù, ó sì jó gáskẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ típà tó sáré débẹ̀ bá bàbá tó gbé orí lé sítíárìn. Bó ṣe di pé bàbá sùn lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bàbá ní òun kò sùn. Ó ní òun gbọ́ òórùn ohun tó ń jó ni, òun wá dorí kodò láti tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, nítorí ọwọ́ aago tó ń sọ bí ó ṣe gbóná tó kò kúrò lójú kan. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́? Ẹ́ńjìnnì ń hó, aago ń sinmi. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ṣùgbọ́n Màmá Àníkẹ́, tí kì í ṣe ìkà èèyàn rárá, ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí pélódà bá ní àrùn lára, bàbá á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá ní, kí bàbá máa lọ sinmi nílé.

Ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Muhyideen nìyẹn, rìwáyà tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀ ní Sábó. Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá, Ifẹ̀ ló dàgbà sí, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí tó ní skánà tó lè bá katakata sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn skánà yẹn. Ó ń nù ún ju bó ṣe ń nu bàtà Jímọ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá ti so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ka àìsàn ara rẹ̀ sílẹ̀, kóòdù kan fún àìsàn kan.

Ó so ó mọ́ pélódà, ó yí kọ́kọ́rọ́ kí iná lè wọlé, ó dúró.

"Kò sí kóòdù kankan, mà," ló wí.

Màmá Àníkẹ́ mí kanlẹ̀. Muhyideen rò pé bàbá máa jiyàn, ṣùgbọ́n bàbá kàn mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ fún. Ìyẹn dun Muhyideen ju kí ó pariwo lọ.

Ó ti fẹ́ yọ wáyà skánà kúrò nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Àádọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ìrì òwúrọ̀ ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tó tíì ta ẹ́ńjìnnì náà jí láti àná. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó tutù bí omi àmù. Ẹ́ńjìnnì tó tutù báyìí ló ń sọ pé òun ti ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, òun ti làágùn.

Sẹ́ńsọ̀ ni ohun kékeré tó ń gbé ìròyìn ooru lọ bá kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Muhyideen wọ abẹ́ ẹ̀rọ, ó ń tọ wáyà rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ibì kan tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Lórí téèpù náà, òwú ìránṣọ funfun ló wà níbẹ̀, ìdè mẹ́ta.

Ó mọ irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ilare ló kọ́ ọ pé téèpù máa ń ṣí bí ooru bá mú un, kó máa fi òwú dè é. Kò tíì rí rìwáyà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní télọ̀. Ó já òwú náà. Rẹsísítọ̀ kan, ohun tó ń dín agbára iná kù, tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ ló wà nínú rẹ̀. Ó ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ lẹ́nu, nọ́ńbà kan náà ló sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o.

Ó wá rántí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú àgbàlá oníṣòwò ẹ̀rọ kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó kun pélódà náà ní yẹ́lò. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná, kóòdù ń jáde, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti wà lọ́nà. Oníṣòwò náà ní kó bá òun pa á lẹ́nu mọ́ ná, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á fọ rédíétọ̀ rẹ̀. Muhyideen pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò dé, ká sì sọ òtítọ́, ó mọ̀ pé kò ní í dé.

Ó yọ ọ́, ó jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ohun tó rí hàn wọ́n. Ó ní ẹnì kan ló ti sẹ́ńsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ni aago kò fi kúrò lójú kan, bàbá kò purọ́. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Àwa èèyàn, ibi tí òtítọ́ kò bá tíì kan ara wa la máa ń fẹ́ kó dúró sí.

Màmá Àníkẹ́ gba rẹsísítọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó béèrè pé ta ló ń dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́ta, tí kì í bá ṣe awakọ̀ rẹ̀? Ó yíjú sí bàbá, kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní ṣé kì í ṣe pé bàbá ló ní kí wọ́n so ó kí ariwo ìkìlọ̀ ẹ̀rọ má baà máa yọ òun lẹ́nu?

Bàbá wo ohun kékeré náà títí. Kò sọ pé òun kọ́. Ó ní òun kò rántí.

Èyí ni Muhyideen kò lè gbà mọ́ra. Ọkùnrin yìí ti ń gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlé, yàrá ló sì ti ń wá fún un. Ó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú rìlì òwú funfun jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó já.

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo dè é, ní Ìbàdàn, kí ẹ tó rà á. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Mo pa á lẹ́nu mọ́ kí wọ́n lè rí i tà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀.

Màmá Àníkẹ́ kò pariwo. Ó ní kó wá sẹ́ńsọ̀ tuntun, kó fọ rédíétọ̀ tí wọn ò fọ̀ láti ọjọ́ yẹn, tó bá sì ti parí, kí òun má ṣe rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá yìí mọ́. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ pélódà sí i lọ́wọ́. Bàbá kò wo kọ́kọ́rọ́ náà. Muhyideen ló ń wò.

"Ìyẹn ni pé mi ò sùn?"

Muhyideen dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ò sùn, bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Èmi fúnra mi ti gbà pé mo sùn," ni bàbá wí. "Mo ti ń bẹ Ọlọ́run nítorí ọpọlọ mi." Ó dìde, ó dé fìlà. "Dìde. O máa bá mi délé. Mo fẹ́ kí Àtọ́kẹ́ ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí n dá kọjá títì mọ́."

Ilé bàbá kò jìnnà, òdìkejì títì ni. Nígbà tí wọ́n dé etí títì, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Muhyideen na ọwọ́ láti di apá bàbá mú, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe fún àgbà, ó sì fa ọwọ́ náà padà. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kọjá.