Wáyà Tó Ń Já Lórí Òkè

"Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí o kọ," Onígíà wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí Oníwáyà bí ẹni tó ń fi ẹ̀rí hàn ní kóòtù.

Ọ̀rọ̀ náà wà lójú fóònù lóòótọ́: Má tíì sọ gíà ọkọ̀ Agbẹ̀bí kalẹ̀ o. Mò ń bọ̀ lọ́la. Láti àárọ̀ àná ni Oníwáyà ti fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù ti kú sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ Onígíà, òun fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ ọkọ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Oníwáyà kò tíì sọ báàgì ìrìn àjò rẹ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀ funfun náà. Ibi tí gíà ti kúrò dà bí ẹnu ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Gíà alára ń sinmi lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé o ti tú inú rẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ mu tíì."

"Kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó kọ́kọ́ se tíì láyé," Oníwáyà wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta rèé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń lo ọgbà mẹkáníìkì náà. Ohunkóhun tó bá ní wáyà nínú, ti Oníwáyà ni. Ohun tó bá jẹ mọ́ gíà, ti Onígíà ni. Bàbá Táyà, tó ń lẹ táyà lẹ́nu géètì, ló ń gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì bá sọ, àti èyí tí wọn kò tíì sọ pàápàá. Òun náà ló mọ̀ pé lọ́jọ́ tí Oníwáyà fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Onígíà fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè bi í bóyá yóò fẹ́ òun.

"Tí mo bá dé, màá fún ọ lésì," ni Oníwáyà sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gún un ní kẹ́ṣẹ́, kò sì dá a dúró. Ìbéèrè kan ló bi í. "Ọmọlúàbí ni, mo gbà. Ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè la ẹnu sọ pé òun ṣì í?" Gbogbo ojú ọ̀nà ni Oníwáyà fi ń ronú. Kò rántí ọjọ́ kan tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Onígíà. Ìdí ni pé Onígíà kì í sábàá ṣì í.

"Mo ti wọn wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìsáré ọkọ̀," Onígíà wí. "Mítà rẹ ni mo lò, má bínú. Wáyà pé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sì ti fi sẹ́ńsọ̀ tuntun síbẹ̀. Tí kì í bá ṣe wáyà, tí kì í ṣe sẹ́ńsọ̀, kí ló kù? Gíà ni."

"Ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n?"

"Àná, lẹ́yìn tí mo sọ gíà kalẹ̀."

"Nígbà tí wáyà ń rọ̀ dirodiro, tí nǹkan kan ò fà á?" Oníwáyà gbé báàgì rẹ̀ sórí àga. "Agbẹ̀bí pè mí nílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í pé níbo ni ọkọ̀ ti máa ń ṣe wàhálà yìí. Ó ní orí òkè nìkan ni. Tó bá ń gun òkè, ọwọ́ aago ìsáré á ṣubú sí òdo, gíà á sì fò bí ẹni tí agbọ́n ta. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́ bí àgùntàn."

"Òkè ló ń fi àárẹ̀ gíà hàn."

"Òkè ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì tẹ̀ sẹ́yìn lórí ìjókòó rẹ̀. Wáyà á fà, á já. Sẹ́ńsọ̀ ò ní lè sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, kọ̀ǹpútà á rò pé ọkọ̀ ti dúró, á mú gíà tó bá wù ú."

Onígíà fi mítà há ẹnu wáyà lọ́tùn-ún lósì. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àmì pé wáyà kò já. Oníwáyà fi ọwọ́ fa wáyà náà, ó lọ́ ọ, ó mì í. Mítà ń ké lọ láìdákẹ́.

Bàbá Táyà rẹ́rìn-ín láti ẹnu géètì. "Ìyàwó... ẹ jọ̀ọ́, Oníwáyà ni mo fẹ́ pè. Ó jọ pé wáyà yín ò ṣàìsàn o."

Ojú ti Oníwáyà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. "Ara gíà ni wọ́n há a mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tẹ̀. Gíà ò sí níbẹ̀ báyìí, báwo ló ṣe máa já? Dá gíà padà."

"Kí n dá gíà tí mo fi odidi ọjọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ padà, kí a lè wọn wáyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí kò bá wá jẹ́ wáyà ńkọ́?"

"Màá bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Màá tún fọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ fún oṣù kan."

Onígíà wo ẹ̀wù ara rẹ̀. Epo tó wà lára rẹ̀ tó fi ṣe ọkọ̀ méjì. Ó wo gíà, ó wo Oníwáyà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé jáàkì.

"Bàbá Táyà, ẹ wá bá wa gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn wọlé. Agbẹ̀bí náà dé, nítorí aboyún mẹ́ta ń retí rẹ̀ lẹ́yìn òkè lọ́la. Wọ́n ní kó jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀, kó tan án. Oníwáyà fi mítà há wáyà, ó ń ké.

"Ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, mà. Ẹ fi sí gíà. Ẹ tẹ epo díẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Mítà dákẹ́ lójijì.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀."

Mítà tún ké. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Agbẹ̀bí yọ orí jáde lójú fèrèsé. "Tí ọmọ bá ń ké tó dákẹ́ báyìí, àyà mi á ti já. Ẹ jẹ́ kí n tún tẹ̀ ẹ́, ó ń dùn mọ́ mi."

Oníwáyà fi abẹ la awọ wáyà náà. Bàbà inú rẹ̀ ti já sí méjì, ó ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. Etí méjèèjì kàn ń fara kanra nígbà tí ọkọ̀ bá sinmi ni. Ó fi wáyà tuntun kún un kó lè rọ̀ dáadáa, ó jó o pọ̀, ó fi téèpù wé e. Gbogbo wọn wọ ọkọ̀, Bàbá Táyà náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n gun òkè lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ aago kò ṣubú, gíà ń yí bí ẹni ń ṣí ewé ìwé. Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn rẹ̀ kò dùn, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Agbẹ̀bí bèèrè pé, "Gíà tí ẹ ní ó ti bàjẹ́ wá ńkọ́?"

Oníwáyà ń ká wáyà mítà rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Èmi ni mo ṣì í, mà," Onígíà wí, bí ẹni ń sọ iye aago. "Kò sí ohun tó ṣe gíà yín. Mo wọn wáyà nígbà tí kò sí ohun tó ń fà á. Oníwáyà ló mọ̀ ọ́n." Ó kọjú sí i. "Wá fi ibi tó ti ń tẹ̀ gan-an hàn mí, kí n mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ mìíràn."

Oníwáyà fi hàn án. Onígíà bi í ní ìbéèrè méjì, ó sì gbọ́ ìdáhùn méjèèjì parí.

Agbẹ̀bí lọ. Bàbá Táyà rántí pé òun ní táyà kan láti lẹ̀. Onígíà wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fi ọṣẹ bó epo lọ́wọ́, nígbà tí Oníwáyà dúró tì í.

"Ìbéèrè tí o bi mí kí n tó lọ."

Onígíà ti omi pa. "Mi ò kán ọ lójú o. O lè ṣì..."

"Mo ti rò ó tán," Oníwáyà wí. "Màá fẹ́ ọ."