Ajá Tí Kò Kùn Mọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ wá wo ajá, káfíńtà ti gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí aago mẹ́jọ tó lù. Ilẹ̀ náà ò dọ̀tí. Ọkàn rẹ̀ ni ò balẹ̀. Ó gé ẹran adìẹ bíbọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó kó o sí àpò ẹ̀wù iṣẹ́ níbi tó máa ń kó ìṣó sí, ó tún kó o jáde láti wò ó bóyá ó tó. Ajá dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́, ó ń wò ó.

Sùúrù lorúkọ ajá náà. Nígbà tí ọmọ káfíńtà obìnrin gbọ́ orúkọ náà lórí fóònù, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Bàbá mi, ajá tó ti gé èèyàn méjì jẹ kó tó dọ́dọ̀ yín lẹ sọ ní Sùúrù?" Àmọ́ káfíńtà fúnra rẹ̀ ló lọ mú un níbi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí wọ́n lé jáde sí. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ayùn nìkan ló ń dá a lóhùn nínú ilé, ó sì ti sú u.

Níbẹ̀rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Sùúrù á máa kùn hùn-ùn nínú ọ̀fun. Ojú a máa ti káfíńtà níwájú oníbàárà. Á fi ìwé ìròyìn gbá tábìlì gbàà, á jágbe mọ́ ọn pé, "Panu dé!" Kò pé oṣù méjì tí ajá panu dé lóòótọ́. Bàbá wá ń yan kiri bí olùkọ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ yege. Ó ń yan bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹni tó ń pín lẹ́tà na ìwé sí i, tí Sùúrù dìde jẹ́jẹ́, láìkùn, láìgbó, tó ki eyín bọ̀ ọ́ lápá. Wọ́n rán apá náà níbi mẹ́sàn-án.

Obìnrin kúkurú kan tó ń kọ́ ajá ló là á lójú.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Kíkùn yẹn ló fi ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Ẹ ti gba ẹnu lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló kù tó máa fi sọ̀rọ̀, bí kò ṣe eyín?"

Ọ̀rọ̀ náà dun káfíńtà wọra. Ọgbẹ́ apá ẹni ẹlẹ́ni, ọwọ́ òun ló ti wá.

Láti ọjọ́ náà, kò jágbe mọ́, kò fa okùn. Bí èèyàn bá yọ ní òdìkejì títì, á fún ajá lẹ́ran. Bó bá sún mọ́ wọn díẹ̀, ẹran. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí Sùúrù bá ti rí àlejò, àpò bàbá ló ń yíjú sí. Àmọ́ kò tíì kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ló sì ń ba bàbá lẹ́rù. Lẹ́tà tí ìjọba kọ sí i lẹ́yìn tí ajá gé ẹni tó ń pín lẹ́tà jẹ ti sọ ọ́ kedere: bí ajá yìí bá tún kọjú ìjà sí èèyàn lójú òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n á mú un lọ gba abẹ́rẹ́ tí ajá kì í jí lẹ́yìn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ náà dé. Ọkùnrin gíga ni, ó gbé báàgì dání. Sùúrù wò ó, ó yíjú sí bàbá, ó jẹ ẹran. Òṣìṣẹ́ gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ajá tún jẹ ẹran. Inú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Àfi bí òṣìṣẹ́ ṣe lóṣòó, tó na ọwọ́ sí ajá lórí.

Sùúrù ò kùn. Ara rẹ̀ gan, ó pa ẹnu dé pinpin, funfun ojú rẹ̀ yọ síta. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí bàbá bá dákẹ́, bóyá ajá á fara dà á, kí wọ́n sì yege. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ajá òun léwu.

"Ọ̀gá, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà sẹ́yìn. Kò fẹ́."

Òṣìṣẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbà náà ni ohùn kékeré kan jáde lọ́fun ajá: hùn-ùn.

Bàbá kúnlẹ̀, ó da gbogbo ẹran àpò sílẹ̀. "O ṣé o, Sùúrù. O ṣé, ọmọ mi." Omi ti lé sí i lójú.

Òṣìṣẹ́ ṣí ìwé rẹ̀. "Ó kùn mọ́ mi, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ẹni tó ń pín lẹ́tà sọ pé kì í kùn. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni?"

Àyè irọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Èmi ni. Èmi ni mo jágbe mọ́ ọn títí tó fi dákẹ́."

Òṣìṣẹ́ kọ̀wé títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó yí ìwé náà sí bàbá.

"Mi ò ní mú un lọ, ó kìlọ̀ fún mi, kò gé mi jẹ. Ẹ máa dè é lẹ́nu tí ẹ bá ń mú un jáde. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni na ọwọ́ sí i lórí, èmi náà pẹ̀lú. Mo ń padà bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ fọwọ́ sí i níbí."

Bàbá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ṣe gbé báàgì rẹ̀, Sùúrù tún kùn, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ròkè. Ọkùnrin méjèèjì dúró jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.