Ara Mi Tutù Lẹ́nu Géétì

...ṣùgbọ́n Bàbá kì í jáde. Ohun tí kò yé mi nìyẹn. Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yìí ti dé, wọn ò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Ta ló wá kó o ràn wọ́n? Ọkùnrin yàrá kejì ni, èyí tó máa ń sín bíi pé ó fẹ́ ṣí òrùlé... Àbí ẹ̀rọ omi tí gbogbo ilé ń lò? Ẹ̀rọ omi ni. Ó ní láti jẹ́ ẹ̀rọ omi —

Ìlà tó wà lẹ́nu géétì ilé iṣẹ́ tún sún. Ó ku díẹ̀ kó kàn mí. Mo tẹ aṣọ ìnujú tútù mọ́ iwájú orí. Gbogbo àwa tí à ń lọ aṣọ níbí la mọ ọgbọ́n yìí. Bí ìbọn tí géétímáànù fi ń wọn ooru ara bá ní ara rẹ gbóná, ilé yá, owó ọjọ́ náà wọmi. Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín, tá a jọ ń lo tábìlì kan, ló kọ́ wa. "Orí tútù ló ń jẹun níbí," wọ́n á ní, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. A sin wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ fi bàbá yín sí yàrá tiwọn." Nọ́ọ̀sì ló wí bẹ́ẹ̀ lánàá. Yàrá wo? Mo ta aṣọ sáàárín bẹ́ẹ̀dì wọn àti ẹní mi, mo ní yàrá nìyẹn. Àwọn ọ̀gá òkè náà kó àrùn yìí. Wọ́n jókòó sílé títí ó fi lọ, owó oṣù wọn ò sì dúró. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Inú ń bí mi. Bàbá ní, "Lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi. Oògùn ò ní fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá."

"Kọjá," géétímáànù ní. Ìbọn ní ara mi tutù.

Ṣùgbọ́n kò tutù. Ìgbà wo ló tiẹ̀ ti ń gbóná? Lọ́jọ́ tí Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín ò wá mọ́... ó ti ń gbóná. Bàbá ò tíì wúkọ́ kankan nígbà yẹn. Ọkùnrin yàrá kejì ò tíì sín. Háà. Kì í ṣe ẹ̀rọ omi. Èmi ni. Èmi ni mò ń yọ́ gbé àrùn náà kọjá ní géétì yìí, tí mo sì ń gbé e lọ bá bàbá mi nílé.

Kí n padà? Yàrá yẹn náà ni, pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Kí n wọlé? Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí —

Obìnrin tó tò sẹ́yìn mi gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní kí n máa lọ, òun náà ti pẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ gbóná. Mo wọlé.