Ẹyin Mẹ́fà Láti Ìbà

Mo fọ́ ẹyin kẹsàn-án sínú abọ́, òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Ó ti jẹrà. Mo nawọ́ sí ìkẹwàá.

"Bàbá, ó tó," Florence wí. "Bákan náà ni gbogbo wọn. Mo ti fọ́ ogún ní Yaba kí n tó kó àwọn yìí padà bọ̀."

Florence ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní Yaba, níbi tí wọ́n ti ń wádìí àrùn. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń kó ẹyin fún wọn láti ọgbà adìyẹ mi ní Ìbà. Kì í ṣe ẹyin jíjẹ. Ẹyin adìyẹ tó ń gbé pẹ̀lú àkùkọ ni, tí àgbébọ̀ ti sàba lé fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ọmọ inú rẹ̀ ti ń mira. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ kòkòrò fúlúù. Kòkòrò náà kì í pọ̀ sí i níbi tí kò bá sí ẹ̀mí.

Oṣù kẹta ọdún 1978 ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Okokomaiko, ìdajì àwọn ọmọ ti dùbúlẹ̀. Ara gbígbóná, ikọ́, egungun ríro. Ọmọ kan ti kú. Yéwándé, ọmọ Mọ́rúfù ọmọ mi, wà lára àwọn tó dùbúlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwa àgbà ń tọ́jú wọn, a ń jẹ àjẹkù wọn, kò sí ohun tó ṣe wá.

Florence ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó fi òwú nu ọ̀fun àwọn ọmọ, ó rì í sínú omi díẹ̀, ó gbé e sínú yìnyín lọ sí Yaba. Wọ́n fún omi òwú náà sínú ẹyin mi. Ẹyin mi jẹrà.

"Omi òwú tó kù kò tó nǹkan," ó wí. "Bóyá ló tó ẹyin mẹ́fà. Dókítà Fọlárìn, ọ̀gá wa, ní òun kò ní fi ṣòfò mọ́. Wọ́n ti kọ̀wé sí òkè òkun. Ẹyin ń bọ̀ nínú bàálù."

"Ẹyin wọ bàálù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ni yóò sàba lé e lókè ọ̀hún?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Owó epo wà nílùú nígbà yẹn. Ìrẹsì, ẹja, títí dé adìyẹ tó ti dì nínú yìnyín, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó wọn wá. Ẹni tó bá ṣì ń sin adìyẹ, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn. Mo ti gbọ́. Mi ò gbà ni.

Mo gbé èèpo ẹyin kan síta sínú oòrùn. Ó ń dán. Kò yẹ kó dán. Ẹyin máa ń ní nǹkan fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun lára, òun ló ń dí àwọn ihò kéékèèké ara èèpo kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Mo pe ìyàwó mi.

"Àwẹ̀ró, kí lo fi kan ẹyin wọ̀nyí?"

"Omi tútù àti ọṣẹ," ó dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Mo fi kànrìnkàn fọ̀ wọ́n."

"Ta ló rán ọ?"

Ó jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìbàdí. "Bàbá Mọ́rúfù, ṣé kí n fi ìgbẹ́ adìyẹ ránṣẹ́ sí dókítà? Kí wọ́n máa wí kiri Yaba pé ọ̀bùn ni ìyàwó yín?"

Mi ò bá a wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń nù wọ́n tẹ́lẹ̀, ìgbà yìí nìkan ló bá mi ṣe é, mi ò sì sọ fún un rí pé kó má fọ ẹyin. Ẹ̀bi mi ni.

"Florence, jókòó dè mí."

Mo wọ yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé. Mo ní gílóòbù kan níbẹ̀, nínú agolo mílíìkì tí mo dá ihò sí. Mo kó ẹyin ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lábẹ́ àwọn adìyẹ, mo ń gbé wọn sí ẹnu ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yè, iṣan pupa á ta ká inú rẹ̀ bí gbòǹgbò, ọmọ inú rẹ̀ á sì yíra. Mo yan mẹ́fà. Àkísà gbígbẹ ni mo fi nù wọ́n. Mo fi ìborùn wé wọn sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìborùn mi nìyẹn o," Àwẹ̀ró wí.

"Òun ni."

Florence gba ti ọ̀nà Badagry tuntun, tí wọn ò tíì ṣe tán. Orí itan mi ni apẹ̀rẹ̀ wà, mo fi ọwọ́ gbé e nígbàkígbà tí mọ́tò bá já sí kòtò.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ọmọ nìkan?" mo bi í.

"A ò tíì mọ̀. Bàbá, ara kòkòrò náà kún fún ìkọ́. Ìkọ́ yẹn ló fi ń so mọ́ ọ̀fun èèyàn. Ó tún ní òmíràn tó dà bí abẹ, òun ló fi ń gé ara rẹ̀ kúrò, tí á fi lọ sí ibòmíràn. Tí èèyàn bá ti ṣàìsàn náà lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ á mọ ìkọ́ yẹn, á máa dí i. Ṣùgbọ́n ìkọ́ náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ọdọọdún."

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́?"

"Ìkọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n lè ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká rí eléyìí mú."

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ohun tó dá Yéwándé dùbúlẹ̀, kí wọ́n rí i mú kó tó sọnù.

Dókítà Fọlárìn kò tíì pé ogójì ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, lẹ́yìn náà ó ní rárá.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de ẹyin òkè òkun, Bàbá. Ẹyin yín ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́."

"Ọṣẹ ló bà á jẹ́. Èyí kò fojú kan omi. Ẹ̀ẹ̀melòó ni NẸ́PÀ mú iná lọ lọ́sẹ̀ yìí?"

Ó wo Florence.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Sà," Florence wí. "Yìnyín ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi òwú yẹn lè má dúró de bàálù."

"Tí mo bá ṣì ní rárá ńkọ́?"

"Màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yìí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mi," mo wí. "Ẹ ó máa gba orí mi kọjá."

Florence rẹ́rìn-ín nígbà yìí.

"Bàbá, àgídí yín pọ̀ o," Dókítà Fọlárìn wí.

"Ta tún ni ì bá máa sin adìyẹ nílùú yìí?"

Ó wo apẹ̀rẹ̀ náà. "Ẹyin mẹ́fà," ó wí. "Ó tán síbẹ̀."

Florence lu ihò sí èèpo kọ̀ọ̀kan, ó fún omi òwú tó kù síbẹ̀, ó fi àbẹ́là dí ihò náà. Nígbà tí iná lọ, láńtánì ló gbé sínú àpótí ẹyin kí ó má baà tutù.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé àkùkọ kan lọ bá a, torí ó ní òun nílò ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Ó po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ omi iyọ̀, ó kán an mọ́ omi inú ẹyin nínú àwọn kòtò kéékèèké lára àwo funfun kan. Ó ní bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ á di ẹ̀jẹ̀ náà mú, á tẹ́ bí àwọ̀n. Bí kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ á rì sí ìsàlẹ̀ bí àmì pupa róbótó kan. A dúró fún wákàtí kan.

Nínú ẹyin mẹ́fà, mẹ́rin tẹ́ bí àwọ̀n.

Dókítà Fọlárìn tẹ̀ ba lórí àwo náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ká apá aṣọ mi. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ kó dì, ó fi omi tó yọ lórí rẹ̀ dán kòkòrò náà wò. Ó tún fi ti Yéwándé dán an wò, èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tó dùbúlẹ̀. Níbi ti Yéwándé, ó tẹ́ bí àwọ̀n síbẹ̀. Níbi tèmi, ẹ̀jẹ̀ rì. Ìkọ́ náà kò rí nǹkan dì mú.

"Bàbá, ara yín mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ẹ ti bá a pàdé rí. Ìkọ́ àtijọ́ ló gbé padà wá."

"Mo rántí. Mọ́rúfù ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan la fi dùbúlẹ̀."

"Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì délé ayé nígbà tó lọ. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára lókè òkun fi í sínú rẹ̀."

"Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ kọ ọ́ pé inú ẹyin Ìbà lẹ ti rí i."

"Wọn ò ní béèrè ibi tí ẹyin ti wá, Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́."

Mo dúró títí ó fi kọ ọ́ tán. Mo ní kí Florence kà á sí mi létí.

Yéwándé dìde lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ẹyin òkè òkun dé lọ́sẹ̀ kejì. Nínú ọgọ́rin, mẹ́ta ló yè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan kò dé Okokomaiko, lọ́dún yẹn tàbí lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ìgò méjì lára omi ẹyin náà lọ sí òkè òkun. Ọ̀kan kù sí Yaba nínú yìnyín.