Ọ́fíìsì Tó Wà Nínú Ẹjẹ́ówà

Ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, kó tó fò lọ lórí mi. Ẹ ṣáà mọ Ẹjẹ́ówà, ọmọ ajá wa tó jẹ́ pé àtinú ìyá rẹ̀ ni kíndìnrín rẹ̀ ò ti pé. Àwọn ará àdúgbò ní ká lọ jù ú sígbó, ni ìyàwó mi bá fi orúkọ yẹn dá wọn lóhùn. Lánàá, kò tọ̀ látàárọ̀. Dókítà ẹran fa omi sí i lára, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì tọ̀, ká gba kámú. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oorun bá gbé mi lọ.

Ibi tí mo bá ara mi, inú ikùn ajá ni. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ́fíìsì kan léfòó níbẹ̀, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, torí ilé onílé ni. Kíndìnrín kan, tí kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ, ń fi asẹ́ tó ti ya sẹ́ ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkejì yín ńkọ́?"

"Kò wá sáyé. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn, orí mi wú! Akin ni nǹkan kékeré yẹn.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta bá wọlé, wọ́n ní èyí tó kéré tó báyìí gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì lónìí. Kíndìnrín ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ sún díẹ̀, ẹ dí omi lọ́nà."

Ọ̀gá àgbà lanu kó bú u, igbe ewúrẹ́ ló jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ewúrẹ́, wọ́n sì jẹ asẹ́ náà tán. Mo ṣí fìlà mi, mo nà án sí kíndìnrín.

"Ẹ wo èyí ná."

Fìlà ní, "Ó mà yá o! Ìgbà wo ni mo tíì ríṣẹ́ gidi ṣe lórí yín?"

Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Omi ro tó, tó, ó di odò, ó gbé ọ́fíìsì àti ewúrẹ́ lọ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára mi.

"Ó tó fún òní," ni kíndìnrín wí, ó nu òógùn ojú.

"Bàbá Ìyìọlá! Ẹ dìde, ajá ti tọ̀ sí yín lára!"

Ìyàwó mi ló dúró tì mí, tòun ti àkísà lọ́wọ́. Ẹní rin gbindin, ṣòkòtò mi náà rin. Ẹjẹ́ówà ń ju ìrù.

"Má tíì nù ún," ni mo wí fún un. "Jókòó, jẹ́ ká wò ó díẹ̀ sí i."