Aago Tó Gbẹ Tán

Ìyá kan mú aago ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó kú sómi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Omi ti bo gíláàsì rẹ̀ láti inú bí ìkùukùu.

"Bá mi yọ omi inú ẹ̀, kí n lè rí ojú ẹ̀."

Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo sá a sábẹ́ iná títí ó fi gbẹ táútáú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Mo yí i bá aago ara ògiri mu, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ìyá gbà á, ó wò ó. "Aago mélòó ló dúró sí tẹ́lẹ̀?"

Ọwọ́ yíyá mi yìí ò jẹ́ kí n wo ibi tó dúró sí kí n tó yí i.

"Aago méjì ló pè mí lórí fóònù, mi ò dá a lóhùn. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó kí omi tó gbé e lọ."