Àṣìṣe Ìlà Kọkànlá

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíláàsì ọmọ tí ẹ fi kún ètò náà ló bà á jẹ́," ni Jarkko, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí. "Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kì í kọ́ èèyàn ní gbogbo nǹkan. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Tuovi kò wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ni oṣù mẹ́fà ìdánwò rẹ̀ ní iléeṣẹ́ náà ní Oulu máa pé. Ìwé àṣìṣe tó wà níwájú rẹ̀ yìí ni Saara, ọ̀gá wọn, máa kà kó tó pinnu bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi èdè Rúbì kọ ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń ta ẹja. Nínú ètò náà, olùṣọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà fún yàrá yìnyín, kan ṣoṣo fún ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Jarkko ló kọ kíláàsì bàbá, ìyẹn àwòkọ́ṣe tí àwọn kíláàsì ọmọ ń jogún, àti Yìnyín, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Tuovi kọ Ààrò, ọmọ kejì. Láàárọ̀ yẹn tí wọ́n dán an wò, wọ́n pe olùṣọ́ ààrò, ti yìnyín ló dá wọn lóhùn.

"Ọdún mẹ́fà ni bàbá yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò ṣàìsàn rí," ni Jarkko wí.

"Ọmọ kan ló bí láti ọdún mẹ́fà. Ta ni ì bá bá a du nǹkan?" Tuovi kọ́kọ́ pe Ààrò lọ́tẹ̀ yìí, ó wá pe Yìnyín. Ààrò ló jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejèèjì. "Ṣé o rí i? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń gba ilé. Ìwọ lo fi àmì @ méjì síwájú orúkọ àpò tí olùṣọ́ ń gbé inú rẹ̀, ní ìlà kọkànlá. Àmì méjì, àpò kan ni bàbá àti gbogbo ọmọ jọ ń lò. Àmì kan, kálukú ní tirẹ̀."

Jarkko rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe wẹ́rẹ́. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, màá bá Saara sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, níbo lẹ tún fẹ́ lọ?"

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ọdún 1994, ẹ̀rọ tí kò ní ìdérí gé ìka àárín Tuovi ní ilé iṣẹ́ ẹja. Ọ̀gá ibẹ̀ na bírò sí i pé kó kọ pé àìfarabalẹ̀ òun ni. Ó kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n lé e.

"Mo ti kọ irú ìwé yẹn rí," ó wí. "Mi ò kọ méjì."

"Orí yín mà le o."

Tuovi kọ ọ́ báyìí: *Ìlà kọkànlá, kíláàsì bàbá. Jarkko ló kọ ọ́, Tuovi ló rí i.* Ó yọ àmì kan kúrò, ó tún dán an wò. Yìnyín jẹ́ Yìnyín, Ààrò jẹ́ Ààrò. Lọ́dọ̀ wọn, àtúnṣe kì í wọlé láìjẹ́ pé ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i. Tuovi bá fa àga kan sún mọ́ Jarkko.

"Jókòó kà á. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, pa á rẹ́."

Saara ń kọjá lọ nínú ìbọ̀sẹ̀ òwú rẹ̀, ó dúró. "Ta ló ni àṣìṣe àárọ̀ yẹn?"

"Jarkko ló máa sọ fún ọ," ni Tuovi wí.

Jarkko jókòó. Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Tèmi ni," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Tuovi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.